A Fọ́ Iná Mọ́tò Ẹlòmíràn: Ṣé Ẹ̀bẹ̀ Lè Dípò Owó?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù tí a rí tàbí tí a kò rí. Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn mọ́tò kan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, mo rò pé ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé irú ohun kékeré báyìí ni a fi ń mọ ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ dé inú àpò.

Ní ọdún 2024, mo lọ sí Ìgbàrà-Odò ní ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan gbé ń sọ ọmọ lórúkọ. Mo gba Adó-Èkìtì, mo kọjá ní Ìláwẹ̀, mo sì bá wọn níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. A sọmọ lórúkọ, a jẹun, a sì lọ kírun Jímọ̀ pọ̀. Nígbà tí a kírun tán, mo wọ inú mọ́tò mi, mo ń fi ẹ̀yìn rìn jáde, ọkàn mi sì ti wà lójú ọ̀nà ilé. Àfi "gbàá!" Mo sọ̀kalẹ̀ láti wò ó. Mo ti fi ẹ̀yìn mọ́tò mi gbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá òsì ti fọ́ wẹ́wẹ́, bọ́ńpà rẹ̀ sì ti họ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà kò sí nítòsí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sún mọ́ mi, ó ní, "Alfa, ẹ tètè máa lọ. Ẹni tó ni ín ti wọ ọjà, kò sì sẹ́ni tó rí yín." Irọ́ ni n ó pa fún yín bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Ó wọ̀ mí létí dáadáa. Owó tí ó kù ní àpò mi kò ju 9,000 náírà lọ, ọ̀nà ilé mi sì jìn. Ṣùgbọ́n iwájú orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ fún Ọlọ́run ni. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: Amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Mo wí fún ọmọkùnrin náà pé n ó dúró.

Nígbà náà ni bàbá àgbàlagbà kan wí fún mi pé, "Ẹ má fòyà, Alfa. Olùkọ́ ilé-ìwé ni ìyá tó ni ín. Kristẹni ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú wa ni, ó sì ní sùúrù. A ó bá yín bẹ̀ ẹ́, yóò sì tán síbẹ̀." Kí n tó dáhùn, àwọn ènìyàn bí mẹ́wàá ti péjọ. Nígbà tí ìyá náà fi máa dé pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, wọ́n ti yí i ká, àwọn mìíràn ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó rí ohun tí ó fọ́. "Ẹ foríjì í, ìyá wa. Àlejò ni. Kádàrá ni. Ẹ wo ti Ọlọ́run." Ìyá náà wo iná tí ó fọ́, ó wò mí, ó sì wo àwọn àgbà tí ó wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá. Ó ti parí." Ẹnu rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ni gbogbo wọn bá ń dúpẹ́, wọ́n sì ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú bá mi lọ́nà.

Mo wí fún un pé, "Ìyá wa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ́ ọ, èmi ni n ó sì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì." Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn bàbá wa nínú. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi ní kọ̀rọ̀ pé mo fẹ́ dójú ti àwọn tí ó bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lọ.

Orí àga gígùn lábẹ́ ahéré mẹkáníìkì ni ìyá yìí ti sọ ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí. Ó ní, "Alfa, ọdún kẹta rèé tí ọmọ kan fi ọ̀kadà họ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò yìí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àgbà mẹ́jọ ni wọ́n kó wá bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbà. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé kí àgbà wà nílẹ̀ kí n sọ pé rárá ni? Èmi ni mo fi owó ara mi kun ún ní ọ̀dà. Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ náà lójú títì, inú mi kì í dùn."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Gbogbo ìlú ló gbà pé ẹjọ́ ọlọ́kadà ti parí láti ọdún mẹ́ta. Lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í parí. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

ÈṢÌ Ń MÚ Ẹ̀ṢẸ̀ KÚRÒ, KÌ Í MÚ GBÈSÈ KÚRÒ

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà ni pé a kì í ya ẹ̀ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè. A ó ní, "N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, èṣì ni." Òtítọ́ ni. A sì gbọ́ nínú hádíìsì pé Ọlọ́run mójú kúrò lára ìjọ Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) nínú ohun tí wọ́n bá fi èṣì ṣe, tàbí tí wọ́n gbàgbé, tàbí tí wọ́n fi ipá mú wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀ ni èyí. Iná mọ́tò tí ó fọ́ kì í ṣe ti Ọlọ́run nìkan, ẹni kan ni ó fi owó rà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyè méjì, kí ó ṣí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sí orí 4, ẹsẹ 92. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fi èṣì pa onígbàgbọ́. Kò pè é ní apànìyàn, síbẹ̀ Ó pàṣẹ pé kí a san owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé òkú, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá fi tọrẹ. Ǹjẹ́ bí èṣì kò bá mú owó ẹ̀mí kúrò, báwo ni yóò ti mú owó iná ẹ̀yìn kúrò? Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni ó ní àṣẹ láti yọ̀ǹda. Ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ kò lè yọ̀ǹda fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn alárinà.

ÀWO TÍ Ó FỌ́ NÍNÚ ILÉ ÀNỌ́BÌ

Anas tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ Ànọ́bì ròyìn ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú ìwé Bùkárì. Ànọ́bì wà nínú ilé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ni ìyàwó mìíràn bá fi àwo oúnjẹ rán ìránṣẹ́ sí i. Owú mú ìyàwó tí Ànọ́bì wà ní ilé rẹ̀, ó gbá ọwọ́ ìránṣẹ́ náà, àwo jábọ́, ó sì fọ́. Ànọ́bì kò bínú. Ó ṣa àfọ́kù àwo jọ, ó ṣa oúnjẹ jọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ pé owú ni ó mú ìyá wọn. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà lọ lọ́wọ́ òfo. Ó dá a dúró títí wọ́n fi gbé odindi àwo jáde láti inú ilé ẹni tí ó fọ́ ti ẹlòmíràn, ó fi rán an padà sí ẹni tí ó ni àwo, èyí tí ó fọ́ sì kù sílé ẹni tí ó fọ́ ọ.

Ẹ ò rí i bí? Nínú ilé kan náà ni, láàárín tọkọtaya àti orogún. Bí ó bá ṣe àwa ni, a ó ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ, ṣebí ara kan náà ni gbogbo wa." Ànọ́bì fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tu ìbínú, ó sì fi àwo san àwo.

Àwọn onítàn sì sọ fún wa nípa Úmárù ọmọ Kátábì, Kálífà kejì. Ó na ọwọ́ sí ẹṣin kan lọ́jà, ó gùn ún wò, ẹṣin náà sì farapa lábẹ́ rẹ̀. Úmárù fẹ́ dá a padà, ẹni tí ó ni ín kò gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Ṣúráíù. Ó dá a pé kí Úmárù gba ẹṣin tí ó ti rà, tàbí kí ó dá a padà ní pípé bí ó ti gbà á. Ẹjọ́ yìí tẹ́ Úmárù lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yan Ṣúráíù ṣe adájọ́ ní ìlú Kúfà. Ẹṣin ni mọ́tò ayé ìgbà náà. Bí olórí gbogbo onígbàgbọ́ kò bá lè fi ipò rẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀, ta ni àwa tí a ó fi láwàní bọ́?

ÌGBÀ WO NI Ẹ̀BẸ̀ DÁRA?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní òdì. N kò ní kí a má bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ dára, ó ń tu ọkàn lára, ọmọ tí ó ba nǹkan jẹ́ tí kò sì lè sọ pé "ẹ jọ̀ọ́" kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Èyí tí kò dára ni ẹ̀bẹ̀ tí a gbé síwájú kí a má baà sanwó. Hádíìsì wà tí ó sọ pé ohun ìní ènìyàn kò tọ́ sí ẹlòmíràn àyàfi bí inú ẹni tí ó ni ín bá dùn sí i. Inú dídùn ni hádíìsì sọ, kì í ṣe ìtìjú. Nígbà tí àgbà mẹ́jọ bá dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin kan ní gbangba, tí gbogbo ọjà ń wò ó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a bá pè é ní ìdáríjì, ẹnu wa ni a fi pè é bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ètò tí ó tọ́ ni èyí: Kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé "èmi ni mo ṣe é." Kí á bẹ̀bẹ̀. Kí á sì sọ iye tí a ó san àti ọjọ́ tí a ó san án. Lẹ́yìn èyí, bí ẹni tí ó ni nǹkan bá wí pé òun fi í sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, a ó mọ̀ pé láti inú rẹ̀ ni ó ti wá, nítorí owó ti wà níwájú rẹ̀ kí ó tó kọ̀ ọ́. Irú ìdáríjì yìí ni Ọlọ́run ṣèlérí èrè rẹ̀ ní orí 42, ẹsẹ 40.

Kí a má sì ṣe gbàgbé pé ìyá olùkọ́ yìí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àwọn kan rò pé ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí nìkan ni ó wúwo. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní orí 60, ẹsẹ 8, Ọlọ́run kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa àti láti ṣe déédéé sí àwọn tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn. Ní ilẹ̀ Èkìtì, ọmọ ìyá kan náà ni a máa ń bá ní mọ́sáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá fọ́ mọ́tò aládùúgbò wa lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí tí a sì fi ẹ̀bẹ̀ lé e lọ, ohun tí yóò rò nípa ìrun wa ni yóò máa rò títí ayé.

KÍ ẸNI TÍ Ó NI MỌ́TÒ NÁÀ BẸ̀RÙ ỌLỌ́RUN

Ọ̀rọ̀ mi kò tíì tán. Ẹni tí wọ́n ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́ náà ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí o bá fi èékánná họ mọ́tò wọn, gbogbo àìsàn tí mọ́tò náà ti ní láti ọdún mẹ́wàá ni wọn yóò kó lé ọ lórí. Iná tí ó ti ń sán tẹ́lẹ̀, tuntun láti inú páálí ni wọn yóò béèrè. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń jẹ ohun ìní ẹlòmíràn ní ọ̀nà èrú, èyí tí orí 4, ẹsẹ 29 kọ̀ fún wa.

Ẹ wo ẹjọ́ tí Ànọ́bì Dáúdà àti Ànọ́bì Sùlèmánù dá, èyí tí a tọ́ka sí ní orí 21, ẹsẹ 78 àti 79. Àgùntàn àwọn ènìyàn kan wọ oko ẹlòmíràn lóru, wọ́n sì jẹ ẹ́ run. Àwọn olùtúmọ̀ sọ pé Dáúdà fẹ́ kó àgùntàn náà fún olóko pátápátá. Sùlèmánù ní kí olóko máa jẹ àǹfààní wàrà àti irun àgùntàn náà, kí àwọn tí ó ni àgùntàn sì tọ́jú oko náà títí yóò fi padà rí bí ó ti rí, lẹ́yìn náà kí oníkálùkù gba ohun tirẹ̀. Ọlọ́run sì sọ pé Òun ni ó fi òye ẹjọ́ náà yé Sùlèmánù. Ìwọ̀n náà nìyẹn: kí nǹkan padà sí bí ó ti wà. Kí ẹni tí ó ni ín má pàdánù, kí ó má sì jèrè.

BÍ ẸNI TÍ Ó ṢE É KÒ BÁ NÍ ŃKỌ́?

Ìbéèrè yìí ni ó le jù, nítorí ọmọ ọlọ́kadà tí ń wá owó oúnjẹ òòjọ́ kò lè rí 40,000 náírà mú jáde lójijì. Àlùkùránì ti dáhùn rẹ̀ ní orí 2, ẹsẹ 280: bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí á fún un ní àyè títí yóò fi rọrùn fún un, bí a bá sì fi í ṣe sàráà, ó dára jù fún wa. Ẹsẹ 282 sì pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì pe ẹlẹ́rìí.

Nísinsìnyí, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn àgbà wa. Bí àgbà mẹ́jọ bá lè fi àyà lélẹ̀ nítorí ọmọ kan, àgbà mẹ́jọ náà lè fi ọwọ́ bọ àpò. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú 2,000 náírà wá, 16,000 ti dé nìyẹn. Kí ọmọ náà máa san 2,000 lọ́sẹ̀, nígbà tí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, 24,000 tí ó kù ti wọlé, gbèsè ti tán, orí rẹ̀ sì ti pé. Onígbèsè sì wà lára ọ̀nà mẹ́jọ tí orí 9, ẹsẹ 60 là sílẹ̀ fún owó sàká. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tí ó bá ń gba sàká lè bá a wò ó bí ó bá jẹ́ aláìní lóòótọ́.

Bí a kò bá bá ẹni tí ó ni mọ́tò ńkọ́? Kí á kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wa sí ìwé, kí á fi há abẹ́ wáípà, kí á sì sọ fún àwọn tí ó wà nítòsí. Bí a bá wá ẹni náà títí tí a kò rí i, àwọn onímọ̀ ní kí á fi iye náà ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀, bí ó bá sì yọjú lọ́jọ́ kan, kí á san án fún un.

Ìjọba pàápàá ti ṣe ètò sí i. Dandan ni fún oní-mọ́tò ní Nàìjíríà láti ní ìwé ìnṣọ́ránsì tí yóò bá a san ohun tí ó bá bà jẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Òfin ọdún 2003 pa á láṣẹ, òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní ọdún 2025 sì tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n sọ ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í ṣe ti èrò di 15,000 náírà lọ́dún, wọ́n sì ní ó lè san tó 3,000,000 náírà fún nǹkan ẹlòmíràn tí ó bà jẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà. Àwọn alfa kan kò fẹ́ ìnṣọ́ránsì nítorí èlé àti ohun tí kò dáni lójú tí ó wà nínú rẹ̀. Fún irú wọn, ètò tàkáfù wà, tí àwọn ènìyàn jọ ń dá owó láti fi ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìnṣọ́ránsì bá ti san owó nǹkan, kí ẹni tí ó gbà á má tún lọ gba òmíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó gbá a. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san gbèsè.

BÍ Ó TI PARÍ

Mẹkáníìkì ṣírò owó náà. Iná tókúnbọ̀ jẹ́ 18,000 náírà, bọ́ńpà àti ọ̀dà jẹ́ 7,000, ó di 25,000. Mo san 9,000 tí ó wà lọ́wọ́ mi, a kọ 16,000 tí ó kù sínú ìwé, mẹkáníìkì àti ọ̀rẹ́ mi tí a sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi ni ó yá mi ní owó epo tí mo fi délé. Láàárín oṣù kan, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá olùkọ́ náà ní báńkì. Kò dá kọ́bọ̀ padà nínú rẹ̀, kò sì sí ìdí tí yóò fi dá a padà, nítorí owó rẹ̀ ni. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Alfa, mo ti rí i, ó pé. Ẹ bá mi kí ọmọ tuntun." Ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà yàtọ̀ sí ohùn tí ó fi sọ pé "ó ti parí" níwájú mọ́sáláṣí.

Ẹ̀yin ará mi, Ànọ́bì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀tọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kí ó yanjú rẹ̀ lónìí kí ọjọ́ kan tó dé tí kò ní sí wúrà tàbí fàdákà. Ó sì sọ fún àwọn Sàhábà rẹ̀ nípa ẹni tí yóò mú ìrun, ààwẹ̀ àti sàká wá ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, tí àwọn tí ó jẹ ní ẹ̀tọ́ yóò sì pín gbogbo iṣẹ́ rere rẹ̀ mọ́ra wọn lọ. Ẹni tí ó ní àánú ara rẹ̀, kí ó fi náírà san án níhìn-ín, kí ó má baà fi ìrun san án lọ́hùn-ún.

Bí ọmọkùnrin ọlọ́kadà ọjọ́ kìíní bá ń gbé ní ìlú náà síbẹ̀, tí ó sì rí ìwé yìí kà, kò tíì pẹ́ jù. Kí ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà, kí ó mú ohun tí ó bá ní dání. Kí ó dá nìkan lọ, kí ó má kó àgbà kankan lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run Ọba wa bá wa ṣọ́ ọwọ́ wa àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa, kí Ó má jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn bá wa dé sàréè. Áàmín.